Ẹ Wo Tráfíkétọ̀ Yín Dáadáa Kí Ẹ Tó Wá Yá Owó

Nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé ni a fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó yá owó tí wọn kò tíì san. Ọ̀rọ̀ iná kékeré kan báyìí ni, èyí tó wà ní igun mọ́tò, tó máa ń ṣẹ́jú bí a bá fẹ́ yà. Tráfíkétọ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní pọ́íńtà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Iná yìí ló kù díẹ̀ kó ti ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa sínú gbèsè tí ì bá fi ọdún kan gbáko san.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ata àti tòmátì ni ìyá yìí ń tà. Pijó 504, èyí tó gùn lẹ́yìn tí a ń pè ní sítéṣọ̀n wágọ́nù, ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ń bá a kó ọjà láti Mile 12 wá sí Ìsọlọ̀. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ó ju ẹni tó ń wà á lọ ní ọjọ́ orí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà ti wọ inú Jakande Estate wa níbí, ó kù díẹ̀ kó délé, ó sì fẹ́ yà sí apá òsì. Ó tẹ tráfíkétọ̀. Ó gbọ́ bó ṣe ń dún kó-kó-kó nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó rí iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó yà. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò rí iná kankan, ó sì ti ń gba apá òsì kan náà sáré kọjá.

Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sí ẹni tó kú. Èrò kan nínú kẹ̀kẹ́ fi apá họ, ilẹ̀kùn Pijó tẹ̀ wọnú, apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́ta sì dà sójú títì tí àwọn ọmọdé ń ṣà á. Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ní, “O ò tẹ tráfíkétọ̀!” Ọmọ ìyá aláta ní, “Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi Ọlọ́run búra!” Bí àwọn àgbà àdúgbò ti ń dá sí i ni ohùn wọn túbọ̀ ń ròkè. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Wọ́n pe rìwáyà kan wá, ìyẹn àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀ bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní wáyà inú ọkọ̀ náà ti jẹrà tán. Ó ní kí wọ́n fa wáyà tuntun láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n ra ọ̀pá tráfíkétọ̀ tuntun, kí wọ́n ra fláṣà, kí wọ́n sì pààrọ̀ ilé iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí wọ́n ro owó náà pọ̀, ó ju gbogbo owó tí ìyá yìí fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ fún oṣù mẹ́fà lọ. Ìyá gba fọ́ọ̀mù, ó wá onígbọ̀wọ́ méjì, ó sì gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó yíyá.

Ká sọ òtítọ́, díẹ̀ ló kù kí a fọwọ́ sí i. Ìyá náà kì í jẹ gbèsè, àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí a fọkàn tán. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà nínú ìgbìmọ̀ wa tó wa Pijó 504 fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ṣáà ń wo fọ́ọ̀mù náà. Ó wá bi ìyá pé, “Ìyá, kí ni iná yìí ń ṣe gan-an? Ṣé kò tàn rárá ni? Ṣé ó ń tàn tí kò ṣẹ́jú? Àbí ó ń sáré?” Ìyá ní òun kò mọ̀, ọmọ òun ló ń wà á. A pe ọmọ náà lórí fóònù. Ó ní, “Ẹ kú ìpàdé o. Ha, apá òsì ti pẹ́ tó ti ń sáré, kíákíá-kíákíá báyìí. Mo rò pé ó lágbára ju ti apá ọ̀tún lọ ni.”

Bàbá mi orí. Ó ní kí a fi fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá ní Sátidé.

Àwọn kan nínú wa kùn. Wọ́n ní kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú wáyà mọ́tò? Wọ́n ní bí ènìyàn bá ti ní onígbọ̀wọ́, kí a fún un lówó rẹ̀, kó lọ ṣe ohun tó bá fẹ́. Èrò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ yá láti fi ra ọjà, ọjà náà ni yóò bá a san án. Èyí tó bá fi ra wáyà tí kò nílò, ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́ san.

Kí a tó dé ọjọ́ Sátidé náà, ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa bí iná yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí púpọ̀ nínú wa ló ń wa mọ́tò àtijọ́, yálà Pijó, Datsun, tàbí Corolla tí àwọn ará Òyìnbó ti lò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ti 504 fúnra rẹ̀, Kàdúná ni wọ́n ti ń tò ó ní Nàìjíríà láti 1975, ọdún kan náà tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Òjó nílùú Èkó níbí. Ó ṣì kù díẹ̀ nínú wọn lójú pópó, àwọn tó kù náà kò sì fẹ́ kú.

Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni dírẹ́bà máa ń nà síta bó bá fẹ́ yà. Àwọn Òyìnbó wá ṣe irin kékeré kan tó máa ń yọ jáde bí apá ní ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, irin náà gan-an ni wọ́n ń pè ní tráfíkétọ̀. Ìjàpá tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì ṣì ń lo irú apá bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bí 1960. Iná tó ń ṣẹ́jú ti wà ṣáájú ìgbà náà, nítorí Buick ní Amẹ́ríkà ti fi í sára ọkọ̀ rẹ̀ ní 1939. Irin náà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kù sí wa lẹ́nu. Bí ẹ bá sì rí kọ́ńdọ̀ danfo tó ń jù ọwọ́ láti ẹnu ọ̀nà, tó ń lu ara bọ́ọ̀sì gbàgbàgbà pé kí ọlọ́kọ̀ ẹ̀yìn dúró, ayé àtijọ́ yẹn náà ló padà dé. Kọ́ńdọ̀ ni tráfíkétọ̀ danfo.

Àwọn àgbà inú wa á tún rántí pé ọ̀tún kọ́ ni a ń gbà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Láti ìgbà náà, yíyà sí òsì ló léwu jù fún wa, nítorí ẹni tó bá ń yà sí òsì ni yóò la ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ níwájú kọjá, apá òsì yẹn náà sì ni ẹni tó wà lẹ́yìn fẹ́ gbà yọ. Bí iná òsì kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ti mọ ohun tó lè dé.

Iná inú mọ́tò kò yàtọ̀ sí owó ẹgbẹ́ wa. Owó á jáde lọ́wọ́ akápò, á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó yá a, á bá a ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ padà sílé. Bí ọ̀nà àlọ bá là tí ọ̀nà àbọ̀ dí, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Láti orí bátìrì, iná á gba inú fíúsì kọjá, á gba inú fláṣà, á dé ibi ọ̀pá tí dírẹ́bà ń tẹ̀ lábẹ́ sítíárì. Ibẹ̀ ni yóò ti yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, á sì dé bọ́ọ̀bù iwájú àti bọ́ọ̀bù ẹ̀yìn. Àlọ nìyẹn. Àbọ̀ rẹ̀ kò ní wáyà gígùn kan lọ títí. Irin ara mọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀lé padà sí orí bátìrì kejì. Ibi tí ilé iná ti so mọ́ irin ara mọ́tò yìí ni àwọn rìwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ẹ di ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì yìí mú, a óò padà sí i.

Fláṣà ló ń mú kí iná máa ṣẹ́jú. Nínú ti àtijọ́, irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀. Bí iná bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá, irin náà á gbóná, á tẹ̀, á sì já iná. Bó bá tutù, á nà padà, iná á tún kọjá. Ohun tí à ń gbọ́ tó ń dún kó-kó-kó nìyẹn. Bó bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, á ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí ìgbà 120 kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Fláṣà kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń yà tàbí kò yà. Ìwọ̀n iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá nìkan ló mọ̀. Bọ́ọ̀bù tráfíkétọ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ wọ́ọ̀tì 21, èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn wá jẹ́ 42. Bí ọ̀kan bá kú, ẹrù ọrùn fláṣà dín kù dé ìdajì, ìwà rẹ̀ á sì yí padà. Nínú ọkọ̀ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nínú òmíràn, pàápàá èyí tó ṣì ní fláṣà àtijọ́, iná á tàn gbọọrọ láìṣẹ́jú, tàbí kó máa falẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ẹ ti rí i báyìí pé iná òsì tó ń sáré, tí ọmọ ìyá aláta pè ní agbára, ẹjọ́ ló ń rò fún un láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó di Sátidé. Bàbá dé pẹ̀lú tẹ́sítà, ìyẹn bọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n so wáyà gígùn méjì mọ́ nídìí. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tó fi ní kí ọmọ náà tẹ dọ́bù, èyí tó máa ń mú kí iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí ẹnì kan dúró níwájú, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn, nítorí ẹni tó wà nídìí sítíárì kò lè rí ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Iná iwájú méjèèjì dára. Iná ẹ̀yìn apá ọ̀tún dára. Iná ẹ̀yìn apá òsì ń tàn bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ ti gbẹ, iná pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń bá a ṣẹ́jú, iná pupa tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀.

Bàbá ní kí ọmọ tẹ búrékì. Ńṣe ni iná ẹ̀yìn òsì dàrú pátápátá. Bí èyí bá tàn, ìyẹn á ṣókùnkùn. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ́ẹ̀tì ni. Kò sí nǹkan tó ṣe wáyà yín.”

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó yé. Gbogbo àwa tí à ń gbé apá ibí yìí la mọ bí omi òjò ṣe ń ṣe bí gọ́tà bá dí. Omi kì í dúró. Á ya gba àgbàlá aládùúgbò, á wọlé onílé. Bákan náà ni iná. Nígbà tí ibi tó yẹ kí iná tráfíkétọ̀ gbà padà sí ara mọ́tò ti dí, ó gba inú bọ́ọ̀bù pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá ọ̀nà lọ. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi ń tàn díẹ̀díẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn kò sì tàn dé ibi tí oníkẹ̀kẹ́ fi lè rí i ní ojúmọmọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé iná kan ń tan iná mìíràn tí ẹ kò tẹ̀, tàbí tí títẹ búrékì bá ń da tráfíkétọ̀ rú, ẹ má wulẹ̀ lọ ra fláṣà. Ẹ wá ibi tí ilé iná náà ti so mọ́ irin.

Bàbá kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ó so ẹsẹ̀ kan tẹ́sítà mọ́ orí bátìrì tó ní àmì àròpọ̀, ó wá fi ẹsẹ̀ kejì kan irin ara mọ́tò tó mọ́ lẹ́bàá ilé iná. Tẹ́sítà tàn. Ó fi kan irin ilé iná fúnra rẹ̀. Tẹ́sítà kò tàn. A jẹ́ pé láàárín irin ilé iná àti irin ara mọ́tò, tí wọn kò jìnnà síra ju ìka ọwọ́ méjì lọ, ọ̀nà ti já. Ó wá mú wáyà kékeré kan, ó fi so irin méjèèjì pọ̀. Kíá, iná ẹ̀yìn òsì tàn yòò, iná pupa sinmi, fláṣà náà sì fara balẹ̀, ó ń ṣẹ́jú bí ti apá ọ̀tún. Gbogbo èyí kò gbà ju ìdá mẹ́rin wákàtí kan lọ.

Nígbà tí a tú ilé iná náà, a rí ohun tó fà á. Lọ́dún tó kọjá ni panẹ́bítà kan tún ìdí ọkọ̀ náà ṣe, ó kun ún, ó dán gbinrin. Ṣùgbọ́n ó kun ojú ihò tí nóòtù ilé iná ń wọ̀, ó sì de nóòtù padà lé orí ọ̀dà. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Òjò ọdún kan tún wọ ibẹ̀, ìpẹtà bo nóòtù, bàbà etí wáyà sì di àwọ̀ ewé. Bàbá fi sáńpépà ha ojú irin náà títí tó fi ń kọ mọ̀nà, ó ha ìdí nóòtù, ó fi gírísì díẹ̀ bo orí rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dè é le kí omi má baà tún ráyè. Ó pààrọ̀ bọ́ọ̀bù kan tí inú rẹ̀ ti dúdú. Owó sáńpépà àti bọ́ọ̀bù kan ni ìyá san, pẹ̀lú mínírà tí ó fi ṣe wá lálejò.

Ìyá gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà lọ́wọ́ wa. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn ń mi orí, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Lóṣù tó tẹ̀lé e, ó wá yá èyí tí kò tó ìdajì, ó fi ra ọjà.

A kò sọ pé olè ni rìwáyà àkọ́kọ́ o. Ó lè jẹ́ pé ohun tó mọ̀ ló sọ. Ọkọ̀ àtijọ́ máa ń dẹ́rù ba ènìyàn: wáyà tí ẹni mẹ́wàá ti já tí wọ́n sì ti so, téèpù dúdú lóríṣiríṣi. Ẹni tó bá wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rọrùn fún un láti ní kí a kó o dànù. Ohun tí a rí fà yọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba owó yín kò gbọdọ̀ dárúkọ àrùn kó tó wo aláìsàn.

Àwọn àmì mìíràn tún wà tí Bàbá ṣàlàyé fún wa kó tó lọ, a sì kọ wọ́n sílẹ̀. Bí tráfíkétọ̀ kò bá tàn rárá ní apá méjèèjì, fíúsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí fíúsì bá dára, ẹ tẹ súwíìṣì dọ́bù wọlé kí ẹ tún fà á jáde, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bíi ìgbà mẹ́wàá, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú súwíìṣì yẹn ni iná tráfíkétọ̀ ń gbà kọjá, eruku Èkó sì máa ń dí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ìyẹn nìkan tó. Bí dọ́bù bá ń tan iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa, ṣùgbọ́n tí yíyà kò tan nǹkan kan, a jẹ́ pé bọ́ọ̀bù yín dára, ẹ́ẹ̀tì yín dára. Ẹ yẹ fíúsì tráfíkétọ̀ àti ọ̀pá abẹ́ sítíárì wò. Bí ó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ni kò ṣiṣẹ́, ẹ fi fláṣà sílẹ̀, nítorí fláṣà kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀tún àti òsì. Bí iná bá sì ń falẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó wá yá nígbà tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì, bátìrì yín tàbí ohun tó ń cháàjì rẹ̀ ni kí ẹ lọ bi léèrè.

Fún ẹni tó bá fura sí fláṣà, ọ̀nà wà láti mọ̀ kó tó náwó. Ẹ yọ fláṣà kúrò nínú ihò rẹ̀. Ẹ fi wáyà kékeré so ihò tí iná ń gbà wọlé pọ̀ mọ́ ihò tí iná ń gbà lọ sí ibi ọ̀pá. Ẹ wá tẹ tráfíkétọ̀. Bí iná bá tàn gbọọrọ láìṣẹ́jú, ibi gbogbo dára, fláṣà ló kú. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ ṣọ́ra gidigidi, nítorí ọ̀kan nínú mẹ́ta lè jẹ́ ti ẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá sì so ìyẹn mọ́ ibi tí iná ń gbà wọlé á jó fíúsì. Ẹni tí kò bá dá wọn mọ̀, kó fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ki ọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti tú wáyà, ẹ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì.

Ọ̀rọ̀ fíúsì yìí dùn wá ju gbogbo rẹ̀ lọ. A ti rí i lójú ara wa nínú ọkọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan: fíúsì jó, wọ́n sì ká wáyà bàbà lé e lórí, tàbí kí wọ́n fi bébà dídán inú páálí sìgá dì í. Fíúsì ni a fi ṣe ẹran ìrúbọ kí wáyà má baà jó. Bó bá jó, nǹkan kan ló jó o. Ẹni tó bá ká wáyà lé e ti sọ pé kí gbogbo mọ́tò jó dípò rẹ̀, àti ọjà tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó sì ti rí mọ́tò tó ń jó lójú títì Oshodi sí Apapa kò ní ṣàwàdà báyìí. Iye tí wọ́n kọ sára ti àtijọ́ ni kí ẹ rà, ẹ má ra èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ sí Ládípọ̀ láti ra nǹkan, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání. Ẹ ka ẹsẹ̀ fláṣà, ṣé méjì ni àbí mẹ́ta, kí ẹ sì rí i pé fóòtì 12 ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ wo ìdí bọ́ọ̀bù, kí ẹ rí 21 níbẹ̀. A ti rí àwọn tó ra wọ́ọ̀tì 5 tàbí 10 nítorí pé ó wọ ihò náà, tí iná wá ń sáré, tí wọ́n tún padà lọ ra fláṣà mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀bù LED tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn báyìí. Ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ kéré, fláṣà àtijọ́ á rò pé bọ́ọ̀bù ti kú. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ra fláṣà tí wọ́n ṣe fún un. Bí awò orí iná bá fọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rá pupa bò ó. Àwọ̀ ọsàn ni a mọ̀ mọ́ tráfíkétọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ yìí. Ẹni tó bá rí pupa lẹ́yìn yín á rò pé búrékì ni ẹ tẹ̀. Àwọn VIO pẹ̀lú máa ń yẹ iná wò, ẹ sì mọ bí ọjọ́ kan ní ọgbà wọn ṣe ń rí fún ẹni tó ko tòmátì.

Ní ti ọmọ ìyá aláta àti oníkẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ wọn ti yanjú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tún tirẹ̀ ṣe, ìyá sì sanwó oògùn fún èrò tó fi apá họ. A gbọ́ pé oníkẹ̀kẹ́ náà ti ń béèrè bí ènìyàn ṣe ń wọ ẹgbẹ́ wa.

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i kí ẹgbẹ́ ní tẹ́sítà kan tiwa, Bàbá ló sì so ó pọ̀ fún wa. Ó wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, kó fọwọ́ sí ìwé, kó sì dá a padà ní Mọ́ńdè. Èyí kò gba onígbọ̀wọ́, kò sì ní èlé.